Ojú Ìwé Tí Àlàájà Kò Jẹ́ Kí N Kà

Òórùn tùràrí ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Àjà kejì ni mo ń gbé ní Ghulail, ní Jeddah, àwọn ará ìsàlẹ̀ wa a sì máa dín ẹja lẹ́yìn ìrun Alásárì, tí òórùn rẹ̀ á gun àtẹ̀gùn wá bá wa nínú yàrá. Ṣùgbọ́n bí Àlàájà bá ti wọlé báyìí, tùràrí tó ti wọ aṣọ dúdú rẹ̀ lára láti Mẹ́kà á borí ẹja pátápátá. Ìgbà tí Wásáápù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde ni mò ń sọ yìí. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kan níbẹ̀, mo kéré lọ́jọ́ orí, mo sì gbà pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀.

Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti bá Àlàájà pàdé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé e wá, mo sì gbọ́ tó ń fi Yorùbá rojọ́ fún Ọlọ́run lábẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo kí i, ó di ọwọ́ mi mú, kò fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi gbé oúnjẹ dé. Bàbá rẹ̀ ló wá ṣe hájì láti Ìsẹ́yìn tí kò padà sílé mọ́. An-Nakkasah, àdúgbò orí òkè kan ní Mẹ́kà, ni wọ́n bí Àlàájà sí, ibẹ̀ náà ló ti bí gbogbo ọmọ rẹ̀. Kò dé Nàìjíríà rí, síbẹ̀ Yorùbá rẹ̀ jinlẹ̀ ju tèmi tí mo dàgbà sí Ìbàdàn lọ. Èmi ni mo máa ń béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, òun á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé òyìnbó ló tọ́ mi. Ó mọ̀ pé onígbàgbọ́ ni mí, kò fi í ṣe ọ̀rọ̀ sọ lẹ́ẹ̀kan rí.

Ọmọbìnrin rẹ̀ tó kéré jù ló ń tọ́jú rẹ̀ nígbà tó wà lọ́dọ̀ wa. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Lárúbáwá ló fi ń dáni lóhùn, "khálà" ló sì ń pè mí, bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣe ń pe àǹtí. Gbogbo ìgbà tí mo bá wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ ló ń kọ ohun tí mo bá rí sínú ìwé kékeré kan. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń lọ sílé, ó sọ fún mi pé òun fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Inú mi dùn gan-an. Mo rí ara mi nínú rẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bí àbúrò tí ìyá mi bí.

Yunifásítì ìjọba kì í sábà ní àyè fún ọmọ àlejò bí tirẹ̀, ìkámà, ìwé ìgbélùú àwọn àlejò, ló ń lò, kì í ṣe ìwé ọmọ onílùú. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin rí yunifásítì kan ní ìlú òkèèrè tó ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ni nípa ètò ìlera, ayọ̀ ni wọ́n fi tẹ ìwé rẹ̀ jáde, tí Àlàájà sì mú un àti ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Ó ní kí nọ́ọ̀sì àwọn bá àwọn kà á. Ọmọ náà ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún méjì, ó lè kà á fúnra rẹ̀, àmọ́ nílé wọn, ọmọdé kì í ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ̀ nígbà tí àgbà wà níjòókòó.

A jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo bu tíì fún wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà, mo ń túmọ̀. Àwòrán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń rẹ́rìn-ín pọ̀ nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo bá kà ni Àlàájà ń ṣe "àmín" sí, àfi bí ẹni pé wáàsí ni. Ìgbà tó yá, mo dé ojú ìwé tó kẹ́yìn. Kò sí àwòrán níbẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì wẹ́. Òfin ìlú wọn ló fipá mú yunifásítì láti fi í síwájú ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé: àwọn tó bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò parí, àwọn tó rí iṣẹ́ àti àwọn tí kò rí, ohun tí ìwé-ẹ̀rí wọn lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ti àwọn tí kò parí ni Àlàájà na ọwọ́ sókè.

"Má kà á lé ọmọ mi lórí," ó ní.

Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe nílé wa. Bí ọmọ bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ sọ́nà, ire nìkan ni ẹnu ń sọ. Nígbà tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá, ìyá tèmi lé àbúrò bàbá mi jáde ní pálọ̀ nítorí pé ó bi mí léèrè pé tí mo bá feèlì ńkọ́. Nítorí náà, ohun tí Àlàájà ṣe kò yà mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ojú mi ti kan ìlà kan nísàlẹ̀ kí n tó pa ìwé náà dé, ìlà tí wọ́n ti dárúkọ nọ́ọ̀sì. Ọmọ náà ń wò mí. Mo ní èyí tó kù kì í ṣe nǹkan pàtàkì. Wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n kó ìwé wọn, Àlàájà sì fi ojú ìwé kan ṣoṣo yẹn sílẹ̀ fún mi. Ó ní òun kò gbé e wọ ilé òun. Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ni ọmọ náà máa buwọ́ lu ìwé ìwọlé náà kó sì fi ránṣẹ́.

Bí wọ́n ṣe lọ tán ni mo kà á dáadáa. Ohun tí wọ́n kọ kò lọ́jú rárá: ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń darí ètò ìlera ni, kò sọ ẹnikẹ́ni di nọ́ọ̀sì, kò sì sí iṣẹ́ wọ́ọ̀dù nínú rẹ̀. Èmi mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọdún mẹ́rin á kọjá, wọn ò sì ní jẹ́ kí ọmọ náà fọwọ́ kan báńdéèjì aláìsàn. Mo mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ mi ò pè wọ́n. Ojú ń tì mí nítorí irọ́ tí mo pa, ẹ̀rù sì ń bà mí kí n má di ẹlẹ́nu burúkú. Mi ò sì lè lọ bá wọn nílé, nítorí ẹlẹ́sìn mìíràn kì í wọ Mẹ́kà.

Nígbà tí ọjọ́ Jímọ̀ pé, mo lọ bá àwọn tí a jọ ń sin Ọlọ́run nínú pálọ̀ ẹnìkan ní Al-Sabeel, àdúgbò kan ní Jeddah, níbi tí a ti ń fa kọ́tìnnì dí tí a sì ń kọrin lábẹ́ ètè. Orin kò jáde lẹ́nu mi. Mo bọ́ sí kíṣìnnì, mo pe Àlàájà. A kí ara wa títí. Mi ò mọ bí mo ṣe máa kó ọ̀rọ̀ náà jáde, àfi bí àdúrà ṣe bọ́ sí mi lẹ́nu.

"Àlàájà, ẹ jẹ́ kí n ṣàdúrà fún ọmọ wa kó tó fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́."

"Ṣe é, ọmọ mi."

"Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò parí."

"Àmín."

"Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó fi ọdún mẹ́rin kàwé, kó débi iṣẹ́, kí wọ́n wá sọ fún un pé ìwé yìí kò sọ ọ́ di nọ́ọ̀sì."

Kò ṣe àmín.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo rí i lọ́jọ́ yẹn. Mi ò sọ fún yín."

Kò bá mi wí. Ó kàn gbé fóònù fún ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ó ń wá ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mo ti kà á kí a tó wá. Mi ò lè sọ fún Màmá. Mo rò pé ẹ̀yin máa sọ ọ́."

Mo jókòó sórí ilẹ̀ kíṣìnnì onílé, mo sunkún. Ọmọ náà ti mọ̀, ó jókòó síwájú mi, ó ń dúró de àgbà kan tó máa là á lẹ́nu, ó sì wò mí títí mo fi pa ìwé dé. Ká ní mi ò pè ni, ì bá buwọ́ lù ú lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kó má bàa já ìyá rẹ̀ kulẹ̀.

Kò fi ránṣẹ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kùn pé mo di ọ̀nà rẹ̀, Àlàájà pàápàá kò wá sọ́dọ̀ mi fún bí oṣù méjì. Ó lé ní ọdún kan kó tó rí àyè ní ilé-ìwé tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gan-an. Mo ti padà sí Ìbàdàn tipẹ́, ó sì máa ń fi àwòrán ara rẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Àárò wọn máa ń sọ mí.

Mo sì máa ń ro ọ̀rọ̀ náà lọ, rò ó bọ̀. Ilé-ìwé yẹn kò mọ̀ wá rí, òfin ló kàn án nípá, síbẹ̀ ó sọ òtítọ́ nípa ara rẹ̀ fún ọmọ náà. Èmi tí mo fẹ́ràn rẹ̀ ni mo bò ó mọ́lẹ̀.