Mo-Fura àti Ẹni Tó Fi Díńgí Bo Ojú Ọ̀run

Gbogbo àdúgbò ló mọ ìtàn ọjọ́ tí olóògbé Mo-Fura ti ara rẹ̀ mọ́ inú mọ́tò. Aago ló ń tún ṣe, àmọ́ ìfura gan-an niṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tíṣà obìnrin tí ọjọ́ kan kì í kọjá kó má fín in níràn, ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní èéfín tá à ń tú sáfẹ́fẹ́ ló ń mú ayé gbóná: oòrùn ń wọlé, ooru ò ráyè jáde.

"Irọ́! Ibi tó gbà wọlé náà ni kó gbà jáde."

"Ó dáa, Bàbá kékeré. Ẹ jókòó sínú mọ́tò mi lọ́sàn-án gangan, kẹ́ ẹ sì ti gbogbo díńgí rẹ̀."

Mo-Fura mú aago méjì dání, torí kò gba ọ̀kan gbọ́. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi já síta, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀ bí òjò. "Ẹ mú díńgí yìí! Ó ń gba àlejò wọlé, kì í jẹ́ kó lọ sílé!"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó fi díńgí bo ojú ọ̀run nìyẹn. Oníbúrẹ́dì òdìkejì ọ̀nà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ogójì ọdún, ló kọ́kọ́ fura sí, torí èéfín ààrò rẹ̀.

"Ààrò rẹ lo fi ń sè wá!"

"Èmi? Ṣebí búrẹ́dì mi lo jẹ láàárọ̀?"

"Ẹ̀rí ni mo jẹ!"

Ni oníbúrẹ́dì bá bínú. Oṣù kan, oṣù méjì, wọn ò kí ara wọn. Mo-Fura ṣe bí ẹni pé kò kan òun, àmọ́ tíṣà rí i pé ó ń wo òdìkejì ọ̀nà ju ojú aago lọ. Tíṣà wá ń bi ara rẹ̀. Àbí ọ̀rọ̀ ẹnu òun ló fẹ́ tú ọ̀rẹ́ àgbà méjì ká yìí?

Ló bá na aṣọ ìnujú funfun sẹ́nu ihò èéfín jẹnẹrétọ̀ Mo-Fura títí àárín rẹ̀ fi dú bí èédú. Ó gbé e síwájú rẹ̀.

"Bàbá kékeré, ẹ̀rí rèé o."

Mo-Fura fi awò tó fi ń wo inú aago sójú. "Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́! Ààrò ta ló ti wá?"

"Jẹnẹrétọ̀ yín ni. Mọ́tò tèmi náà ò yọ sílẹ̀. Èyí tójú rí nìyí o. Èyí tójú ò rí gan-an ló ń sé ooru mọ́lé."

Mo-Fura gbóòórùn aṣọ náà. "Ta ló rán ọ sí mi?"

Lọ́jọ́ kejì, ó pa jẹnẹrétọ̀, ó fa tábìlì rẹ̀ sójú fèrèsé, ó sọdá títì.

"Mo mú afurasí kejì wá," ló wí fún oníbúrẹ́dì.

"Ta ni?"

"Èmi."

Oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín títí, ó gé búrẹ́dì gbígbóná fún un. Mo-Fura gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó bù ú jẹ.

Ẹ̀yìn ìsìnkú rẹ̀ ni tíṣà àti oníbúrẹ́dì jọ tú dúróà tábìlì rẹ̀. Aṣọ ìnujú yẹn ló wà níbẹ̀, tí Mo-Fura fi bébà wé, tó kọ ọ́ sára bébà pé: "Ẹ̀rí. Ẹ má fọ̀ ọ́. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi la jọ ṣe é."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Oníbúrẹ́dì gbé aṣọ náà símú, ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bíi ti Mo-Fura. Lẹ́yìn náà ló wá ibi tó ṣì funfun létí rẹ̀, ó sì fi nu ojú.