Ògiri Tí Bàbá Bàbá Mi Bá Wọn Mọ

Nígbà tí Kabba ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara, wọ́n gbé bàbá mi kúrò ní Ìlọrin wá sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kabba. Wọ́dà ni. Gandiróbà ni àwọn Hausa inú ọjà ń pè é. Ilé tí ìjọba fún wa kò jìnnà sí ògiri ọgbà náà. Ẹ̀bá rẹ̀ ni ìyá mi ti máa ń sá ẹ̀gẹ́.

Ògiri ti wà kí ẹ̀wọ̀n tó dé. Àwọn sójà òyìnbó ni wọ́n ní kí wọ́n mọ ọ́n yí ibùdó wọn ká. Wọ́n kó àwọn ọkùnrin láti abúlé wá ru òkúta, bàbá bàbá mi sì wà lára àwọn tí wọ́n kó ní Iyara. Nígbà tí àwọn sójà lọ, ìjọba kò wó o. Wọ́n fi irin sí fèrèsé àwọn yàrá inú rẹ̀, ó di ẹ̀wọ̀n. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún pe bàbá bàbá mi sí iṣẹ́ ọ̀nà. Ó sá lọ sóko. Wọ́n mú un, wọ́n sì tì í mọ́ inú ògiri tí òun fúnra rẹ̀ bá wọn mọ. Ó jáde, ṣùgbọ́n ikọ́ bá a jáde. Bàbá mi kò tíì mọ̀ ọ́n rìn nígbà tí ikọ́ náà pa bàbá rẹ̀.

Bàbá mi ló sọ èyí fún mi, lọ́jọ́ tí mo bi í pé kí ló dé tí ìyá rẹ̀ kì í wá kí wa.

"Kò fẹ́ iṣẹ́ tí mò ń ṣe," ló wí, ó sì ń kun bàtà rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ìyá mi bí àbígbẹ̀yìn wa, ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, wá. Mo ti wá fún ìsinmi láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà náà. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ó wé gèlè, ó sọ fún bàbá mi pé, "Mú mi wọ ibẹ̀."

Ọ̀gá bàbá mi gbà. Mo tẹ̀ lé wọn.

Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń hun ẹní lábẹ́ igi máńgòrò. "Okun o, ìyá," ni wọ́n kí i. Ó dá wọn lóhùn. Ó wo yàrá àtijọ́ tí wọ́n ti ọkọ rẹ̀ mọ́, ó fọwọ́ kan ògiri.

"Ó kéré," ló wí. "Mo ti rò pé ó tóbi."

Ó yíjú sí ọkùnrin kan tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. "Ta ní ń gbé oúnjẹ wá fún ọ?"

"Kò sẹ́ni, ìyá. Ará Ògìdì ni mí, ọ̀nà jìn fún àwọn èèyàn mi."

Ó wá kọjú sí bàbá mi. "Ṣé o máa ń fún wọn lómi?"

"Mo máa ń fún wọn, ìyá."

"Nígbà tí wọ́n bá béèrè ni, àbí nígbà tó bá wù ọ́?"

"Nígbà tí wọ́n bá béèrè."

"Ó dáa."

Títí ìyá àgbà fi padà sí Iyara ló ń se ẹ̀wà, tí bàbá mi sì ń gbé e lọ fún ará Ògìdì náà. Ọ̀gá mọ̀, kò dá a dúró. Nígbà tí ọkùnrin náà parí ẹ̀wọ̀n rẹ̀, ó wá kan ilẹ̀kùn wa, ó ní òun fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà. Bàbá mi júwe ilé rẹ̀ ní Iyara fún un. N kò mọ̀ bóyá ó débẹ̀.