Ẹ̀gbọ́n Tó Ń Dọ̀bálẹ̀ Lẹ́nu Géètì Etíkun

Ẹ máa ní mo ń parọ́, ṣùgbọ́n láàrin àwọn òṣèré àti agbábọ́ọ̀lù tó ń gbé ẹ́sítéètì etíkun kan ní Dubai, ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣọ́ géètì ni gbajúmọ̀ jù. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń gbé yàrá kan ní àdúgbò Al Qusais.

Kò sí arúgbó tí yóò kọjá tí kò ní dọ̀bálẹ̀ fún, tòun ti yunifọ́ọ̀mù. Bí ìyá rẹ̀ bá pè é lórí fóònù pàápàá, ilẹ̀ ló máa ń wà. Ọ̀gá rẹ̀ kìlọ̀ títí. Èsì rẹ̀ ni pé, “Ọ̀gá, ẹnu mi gbọ́ Òyìnbó, ẹ̀yìn mi ni ò gbọ́.”

Lọ́jọ́ kan, ó nà gbalaja fún bàbá ará Íńdíà kan tó ní ọkọ̀ ojú omi rẹpẹtẹ. Ọ̀gá figbe ta: “Khalas! Ó parí! Dá yunifọ́ọ̀mù padà lọ́la, a máa fagi lé físà ẹ.”

Nígbà tó délé, mo bá a di báàgì. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bá kàn juwọ́ sí bàbá yẹn.” Ó wò mí bí ẹni pé mo bú ìyá rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá bàbá náà lẹ́nu géètì pẹ̀lú àwọn arúgbó mẹ́rin mìíràn. Bàbá ń sọ fún ọ̀gá pé, “Àwọn ọmọ mi gan-an kì í kí mi báyìí mọ́. Ẹ ò gbọdọ̀ lé e. Àwọn wọ̀nyí náà wá gba ìdọ̀bálẹ̀ tiwọn.”

Ẹ̀gbọ́n gbé yunifọ́ọ̀mù sílẹ̀, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni àgbà nínú yín?”