Àwo Ìrẹsì Tí Mo Gbé Padà

Èmi ni mo gbé àwo náà padà sí kíṣìnì. Ọwọ́ mi yìí náà ni.

Ọ̀sán Sọ́ńdè ni, nílé wa ní Peckham. Àbúrò mi ọkùnrin mú ọmọbìnrin Ireland tó ń fẹ́ wá kí Màmá wa. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún kan ní London. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Nunhead, kò sì ní ẹbí kankan nítòsí. Ó jókòó sí etí àga, ó ń fa síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bo orúnkún.

Màmá bu ìrẹsì fún un, wọ́n fi ẹran tòlótòló tó tóbi jù lé e lórí. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Rárá, Mummy, ẹ ṣé. Ẹ má ṣèyọnu."

Mo gbé àwo kúrò níwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún fi lọ̀ ọ́.

Bí àwọn méjèèjì ṣe jáde, Màmá fọwọ́ lé ìbàdí. "Ṣé ó rò pé mo fi poison sí i ni? Ẹni tí ò lè jẹ oúnjẹ mi ló fẹ́ wá bímọ fún wa? Over my dead body!"

Láti ọjọ́ kejì ni àbúrò mi kò ti gbé fóònù ọmọ náà mọ́. Ojo ni, àbúrò mi ni mo sì ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo pàdé ọmọ náà ní ibùdókọ̀ Rye Lane. Ojú rẹ̀ ti wú. "Aunty, kí ni mo ṣe? Mi ò ní ẹlòmíràn ní ìlú yìí." Mo sọ fún un pé oúnjẹ tó kọ̀ ló bí Màmá nínú.

Ó lanu sílẹ̀. "Ebi ń pa mí lọ́jọ́ yẹn! Nílé wa, èèyàn kì í gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Èèyàn á kọ́kọ́ kọ̀, á tún kọ̀, kó tó wá gbà. Mò ń retí kí ẹ tún bi mí ni."

Ojú tì mí gan-an. Mo fà á lọ́wọ́, ó di ilé wa, mo ń to àlàyé lọ́nà. Kí n tó bọ́ bàtà, ó ti kúnlẹ̀ níwájú Màmá, láìsí ẹni tó kọ́ ọ, ẹkún ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ dáadáa.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ jẹun."

Màmá wò ó títí. "Oúnjẹ ti tán," ni wọ́n wí.

Ẹnu ọ̀nà kíṣìnì ni mo dúró sí. Ìkòkò ìrẹsì wà lórí sítóòfù lẹ́yìn mi, a kò tíì jẹ ẹ́ dé ìdajì, ó ṣì ń yọ èéfín. Màmá gbójú sókè wò mí. Mo fa ilẹ̀kùn dé, kí ọmọ náà má baà rí ìkòkò náà.