Ọjọ́ Tí Mo Gbé Fìlà Bàbá Ọkọ Mi Jáde

Òórùn ọ̀dà tuntun ni gbọ̀ngàn ìpàdé ìjọba ìbílẹ̀ wa ń run láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ògiri rẹ̀ ni, òjò sì ti rọ̀ mọ́jú, ni òórùn ọ̀dà àti ti ilẹ̀ tútù bá dà pọ̀ mọ́ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun tí obìnrin kan ń tà lẹ́nu géètì. Títí dòní, bí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń kun ilé, àyà mi á tún máa lù kì-kì-kì. Ọ̀rẹ́ mi, má fi mí rẹ́rìn-ín: inú mi dùn débi pé oúnjẹ àárọ̀ ò lọ lọ́fun mi. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ àwọn kánsẹ́lọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí a máa lo òfin ìwà ọmọlúàbí tuntun tí wọ́n pè wá sí àdúgbò Adébáyọ̀ l'Ádó láti wá kọ́. Olùkọ́ wa níbẹ̀ là á yé wa dáadáa. Ó ní, "Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn, kó dìde, kó sọ pé ó kan òun, kó sì jáde kí àwọn yòókù tó dìbò lórí rẹ̀. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ bọ́hóòlù ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹyọ kan péré ni agbára wa ká, ibi méjì ló sì ń du ú. Ọ̀kan ni ilé ìgbẹ̀bí tó wà lọ́nà Ìyìn, níbi tí aboyún ti gbọ́dọ̀ wá tòun ti kẹ́ẹ̀gì omi láti ilé kí wọ́n tó lè gbẹ̀bí rẹ̀. Èkejì ni iwájú ilé kánsẹ́lọ̀ kan. Kánsẹ́lọ̀ yìí, ìjòyè ńlá ni láàárín ìlú, àwọn náà sì ni bàbá ọkọ mi. Ìwọ náà ti wọlé ọkọ, o mọ ohun tí mò ń sọ. Bàbá kì í ṣe èèyàn burúkú rárá. Ó dá wọn lójú ni pé ohun tó bá wà níwájú ilé àwọn, ti gbogbo ìlú ni.

Nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìgbẹ̀bí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin bàbá wa, omi la fi ń gba ọmọ. Ẹ gbà wá o." Bàbá wá dìde gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. "Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí," wọ́n ní, "mo ti jáde." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, díẹ̀ ló kù kí n fò sókè. Ṣùgbọ́n kí Bàbá tó ṣísẹ̀, wọ́n ṣí fìlà pupa wọn, wọ́n sì rọra gbé e lé orí àga. Ẹnikẹ́ni ò kà á sí, èmi náà ò kà á sí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nílùú wa: ìjòyè tó bá fẹ́ kúrò nípàdé á fi fìlà rẹ̀ sílẹ̀, fìlà náà á sì di òun. Ohun téèyàn ò bá lè sọ lójú ìjòyè, kò gbọdọ̀ sọ ọ́ lójú fìlà rẹ̀.

Alága ìpàdé ní, "Ẹni tó bá fẹ́ kó jẹ́ ilé ìgbẹ̀bí, kó nawọ́."

Kẹ́kẹ́ pa. Àwọn kánsẹ́lọ̀ tó jẹ́ pé láàárọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ń sọ ọ́ sí mi létí pé ilé ìgbẹ̀bí ló tọ́ sí, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ọ̀kan gbọ́wọ́ sókè kó fi họ orí, ó tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí wọ́n má baà kà á mọ́ ìbò. Mo wá wo ibi tí wọ́n ń yọ́jú wò. Fìlà ni! Bàbá ti jáde, wọn ò sì tíì jáde.

Iṣẹ́ mi ni láti rí i pé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ò sí nínú ilé. Ṣùgbọ́n ìyàwó wo ló ń lé bàbá ọkọ rẹ̀ síta? Bí mo bá dákẹ́, òfin kú lọ́jọ́ tí a bí i, àwọn aboyún á sì máa ru omi wọn lọ. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ilé Bàbá náà ni mo ṣì ń padà sí lálẹ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ti gbé mi dìde.

"Alága, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ṣì wà láàárín wa."

"Ta ni?"

Mo lọ síwájú àga náà, mo fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀. "Bàbá mi, ẹ má bínú. Òfin ní kẹ́ ẹ jáde." Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé fìlà náà, ó di ẹnu ọ̀nà. "Yéè! Ùlú yìí ti bàjẹ́!" ni kánsẹ́lọ̀ àgbà kan kígbe, ẹlòmíràn bú sẹ́rìn-ín, ni ẹ̀rín bá gba gbogbo ilé.

Orí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́bàá fèrèsé níta ni Bàbá jókòó sí. Mo kúnlẹ̀, mo gbé fìlà fún wọn. Wọ́n wò mí títí, wọ́n dé e. Lẹ́yìn mi, alága tún ìbéèrè rẹ̀ bi, ọwọ́ sì ń yọ lọ́tùn-ún lósì, títí kan ti ẹni tó ní ìlú ti bàjẹ́. Nọ́ọ̀sì àgbà sáré jáde wá dì mọ́ mi, ó ń pariwo, èmi náà ń pariwo. Mo gbàgbé pé Bàbá ń wò wá.

Nírọ̀lẹ́, mo gbé iyán síwájú wọn.

"Ùyàwó mi, jókòó," ni Bàbá wí. Wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ. "Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́ látojú fèrèsé. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe dákẹ́ nígbà tí fìlà mi wà ńbẹ̀, mo sì gbọ́ ariwo wọn nígbà tó jáde. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá wọn jókòó. Nígbà gbogbo tí wọ́n bá dákẹ́, mo rò pé wọ́n gbà fún mi ni."

Àánú wọn ṣe mí. Láti ọjọ́ tí mo ti dé láti Adébáyọ̀, èrò mi ni pé nítorí àtimú irú wọn ni wọ́n ṣe ṣe òfin náà. Kò tíì sọ sí mi lọ́kàn rí pé ẹni tí gbogbo ìlú ń bẹ̀rù lè máà gbọ́ òótọ́ kan títí á fi darúgbó, àti pé òfin tó ní kó jáde yẹn náà ló ṣílẹ̀kùn kó lè gbọ́.

Bàbá ti abọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ùwọ náà ńkọ́? Kí lo ti ń dákẹ́ sí ní ulé yìí?"

Mo wo ojú wọn bóyá wọ́n ń ṣeré. Wọn ò ṣeré. Mo gbá ìró mi mọ́ra, mo jókòó dáadáa, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ.