Lẹ́tà Tí Màmá Ìjìnlẹ̀ Fún Ní Máàkì

Ní gbogbo ọdún mọ́kànlélógún tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ewì tí Màmá Ìjìnlẹ̀ kò lè tú palẹ̀. Bí akéwì bá ní òjò ń rọ̀, á ní ẹkún ni. Bí ó bá dárúkọ ilẹ̀kùn, á ní ikú ni. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ló máa ń sọ. "Ẹ wá ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ lọ." Ibẹ̀ làwọn ọmọ ti fún un lórúkọ. Kí n má parọ́, orúkọ náà dùn mọ́ ọn.

Lẹ́yìn ewì, báírò pupa ló kù. Ìwé ọmọ méjìlélógójì a máa ga lórí tábìlì rẹ̀ débi pé irun orí rẹ̀ nìkan ni olùkọ́ ìṣirò tó kọjú sí i máa ń rí. Gbólóhùn tó bá wọ́, á tọ́ ọ. Èyí tó bá gùn, á gé e.

Lọ́sẹ̀ kan, ó ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ẹni tí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀ fún nǹkan. Ọ̀pọ̀ kọ ọ́ sí ọ̀gá ilé ìwé. Ọmọbìnrin káfíńtà kan, tí ohùn rẹ̀ kì í jáde ní kíláàsì, kọ tirẹ̀ sí Màmá Ìjìnlẹ̀ gan-an. Ó ní bàbá òun fẹ́ mú òun kúrò nílé ìwé lọ́jọ́ Ẹtì, kí òun lọ máa kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ àǹtí òun. Ṣùgbọ́n bàbá ti ṣèlérí pé bí olùkọ́ kan bá wá jẹ́rìí sí i pé orí òun pé, òun á parí ìwé. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ bá mi wá rí bàbá mi."

Màmá Ìjìnlẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ yìí mọ àròkọ kọ! Ó fún un ní mẹ́tàdínlógún nínú ogún, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Ẹ̀bẹ̀ rẹ kò tíì wọni lára. Tún un kọ."

Ọmọ náà tún un kọ. Ní Ọjọ́bọ̀, mọ́kàndínlógún ló gbà. Olùkọ́ mú ìwé náà sọ́wọ́, ó lóun á kà á fún gbogbo kíláàsì.

Lọ́jọ́ Ajé, ó kà á sókè. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Nígbà tó gbójú sókè láti yin ọmọ náà, àyè rẹ̀ ṣófo.

"Mà, òótọ́ ni o," ọ̀rẹ́ ọmọ náà wí. "Wọ́n ti mú un lọ."

Màmá Ìjìnlẹ̀ fi ìwé náà sílẹ̀. Kò gbàyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ló gbà lọ tààrà.

"Ọjọ́ Ẹtì la retí yín, Tíṣà," ọkùnrin náà wí, láìgbóhùn sókè. "Ọmọ mi ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà ṣáá. Nígbà tí ẹ ò wá, mo ní ó dáa náà, ẹni tó ń kọ́ ọ ò rí nǹkan kan lára ẹ. Àbí lẹ́tà ẹ̀ ni ò dé ọ̀dọ̀ yín?"

Irọ́ ti dé ètè Màmá Ìjìnlẹ̀. Ojú tì í débi pé kò lè pa á.

"Ó dé," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fún un ní máàkì."