Irin tí Bàámi Rọ fún Ẹsẹ̀ Mi

Òórùn èédú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn ló máa ń jí mi ní ilé wa ní Igbein. Kí oòrùn tó yọ, Bàámi á ti dáná, ẹwìrì tó ń fẹ́ iná á ti máa mí fùkẹ̀fùkẹ̀ bí ẹni tó sáré gun òkè. Tó bá ki irin gbígbóná bọ omi, á dún "ṣáà!", èéfín funfun á sì gba gbogbo àgbàlá. Màámi ń rẹ aṣọ láró lẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n òórùn èédú ni mo fẹ́ràn jù. Alágbẹ̀dẹ ni Bàámi, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ọmọ-ọmọ alágbẹ̀dẹ. Láti Ọ̀fàdà ni àwọn tó ń gbin ìrẹsì ti ń wá gba ọkọ́ àti àdá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìjókòó ni mo ti ń wo gbogbo èyí. Ibà kan ṣe mí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Nígbà tó máa lọ, ó mú agbára ẹsẹ̀ òsì mi lọ. Mo ń fi ìdí wọ́ káàkiri àgbàlá, bí mo bá sì fẹ́ lọ síbi tó jìnnà, ẹ̀yìn Màámi ni mo ń gùn.

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún méje, ogun àwọn òyìnbó kò tíì pẹ́ tó parí, Màámi pọ̀n mí lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kan ní Aké. Wọ́n ní kí n na ọwọ́ ọ̀tún kọjá orí, kí n fi kan etí òsì. Mo kàn án. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wá wo ẹsẹ̀ mi. Kì í ṣe òǹrorò, ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ̀rọ̀: "Ìyá, ẹ máa gbé e lọ sílé. Ọjọ́ tó bá lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, màá gbà á." Màámi sunkún láti Aké títí a fi délé. Èmi kò sunkún. Inú ló ń bí mi.

Bàámi gbọ́. Lọ́jọ́ kejì ó ti ilé àgbẹ̀dẹ pa, ohun tí kì í ṣe láìjẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ó gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà òyìnbó ní irin kan wà tí wọ́n máa ń dè mọ́ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òkun ló ń gbé e wá, ó sì lè tó ọdún kan kó tó dé. Nọ́ọ̀sì tó ń túmọ̀ fún wa fi ọmọkùnrin kan tó wọ irú rẹ̀ hàn wá. Bàámi kúnlẹ̀ síwájú ọmọ náà. Ó fi ìka wọn irin náà, ó yí i wò, ó tẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó dìde, ó ní, "A dúpẹ́ o. Ọwọ́ èèyàn náà ló ṣe é."

Kò tètè rí i ṣe. Èyí tó kọ́kọ́ rọ wúwo débi pé n kò lè gbé e kúrò nílẹ̀. Èkejì fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lábẹ́ mi, mo sì fi imú gbálẹ̀. Ẹ̀kẹta bó mi lára. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, àwọn tó fẹ́ ọkọ́ ń pé jọ sẹ́nu ọ̀nà. Màámi ní kó fi ti ẹsẹ̀ yìí sílẹ̀ ná. Bàámi ní, "Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀." Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn lẹ́nu rẹ̀ látilẹ̀, oṣù yẹn ni mo tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Bàbá Làmídì, àgbẹ̀ Ọ̀fàdà tó ti pẹ́ tó ti ń bá a nájà, fi ìbínú wọlé lọ́jọ́ kan. "Òjò ń rọ̀, ọkọ́ mi dà?" Bàámi na irin tó tẹ̀ sí i, ó sọ ohun tó ń wá fún un. Bàbá náà wò mí níbi tí mo jókòó sí, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó yọ àdá rẹ̀ nínú àkọ̀.

"Ṣé o rántí èyí? Sípíríǹgì lọ́rì lo fi rọ ọ́ fún mi. Ó fẹ́lẹ́ bí ewé, ọdún karùn-ún rèé, kò tẹ̀ rí. Kí ló dé tí o ń fi irin ọkọ́ ṣe ẹsẹ̀ ọmọ?"

Bàámi gba àdá náà, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ ti bá mi rọ ọ́ tán."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti fi sípíríǹgì lọ́rì ṣe é: ọ̀pá pẹlẹbẹ méjì, tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan ẹsẹ̀ mi, tó wọ inú gìgísẹ̀ bàtà. Oníbàtà àdúgbò rán awọ tí a fi ń dè é. Màámi ká àgékù àdìrẹ sábẹ́ awọ náà kó má baà bó mi. Mo dìde. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa wo iná àgbẹ̀dẹ láti òkè.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn ọmọ wọlé ẹ̀kọ́, mo fẹsẹ̀ rìn láti Igbein lọ sí Aké, Bàámi ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣubú. Obìnrin kan sáré jáde pé òun á gbé mi. Bàámi ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá. Ẹ jẹ́ ó dìde." Mo dìde. Eruku ti bò mí, òógùn ń bọ́ lára mi nígbà tí Ọ̀gá jáde sí wa. Ó tẹjú mọ́ irin náà.

"Ìlú òyìnbó wo lèyí ti wá?"

"Igbein ni, sà," ni mo wí. "Bàámi ló rọ ọ́."

Ó bọ Bàámi lọ́wọ́, bí ọwọ́ náà ti dúdú fún èédú tó, ó sì kọ orúkọ mi sínú ìwé. Kò pẹ́ tí àwọn ìyá mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọmọ wọn wá sí ilé àgbẹ̀dẹ wa. Ní tèmi, bí mo ti ń ga ni Bàámi ń rọ òmíràn, títí mo fi di tíṣà.

Mo ti lé lọ́gọ́rin ọdún báyìí. Àwọn tó kù nídìí irin ládùúgbò wa, géètì ni wọ́n ń fi iná mànàmáná jó. Iṣẹ́ wọn dára, n kì í bú wọn. Tí mo bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ-ọmọ mi a máa di apá mi mú, n kì í sì kọ̀. Ọmọ ọdún méje tí mo jẹ́ níjọ́sí ì bá ti já apá rẹ̀ gbà. Ó láyà jù mí lọ. Ṣùgbọ́n èmi ti bímọ, mo ti dúró wo ọmọ tèmi náà tó ṣubú tó sì dìde, mo sì mọ ohun tí òun kò mọ̀ nítorí pé kò bojú wẹ̀yìn: ẹni tí ẹ̀rù ń bà jù lójú ọ̀nà Aké láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun ló ń tẹ̀ lé e bọ̀.